Ta Ló Da Fúláwà Sí Oríta?

Nǹkan funfun ni ìyá aláàkàrà kọ́kọ́ rí. Ọjọ́ Sátidé ni, aago méje àárọ̀ kò tíì lù, ní oríta kan lọ́nà Badore ní Ajah. Ó ti gbé agbada ka iná kó tó kíyè sí i pé ẹnì kan ti da ìyẹ̀fun funfun sí ìdí òpó iná tó wà níwájú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, òmíràn wà lẹ́bàá gọ́tà. Èyí tó wà láàárín oríta gan-an rí roboto bí ojú òṣùpá. Ó ké sí mẹkáníìkì tó wà lódìkejì, mẹkáníìkì ké sí bàbá tó ń lẹ táyà. Kí àwa tó dé ibẹ̀, èèyàn bíi mẹ́jọ ti pagbo yí i ká, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fẹsẹ̀ kàn án.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀yin lẹ gbẹ́bọ síwájú ìsọ̀ mi?"

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe ẹbọ. Fúláwà ni. Eré la ń sá."

Màmá wò wá láti òkè délẹ̀. Òógùn ti bò wá, ẹrọ̀fọ̀ ti dé orúnkún wa. Ó ní, "Ta ló ń lé yín?"

Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo délé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí eré yìí ti ṣẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ojú sì tì mí pé mo ti ń sá eré kan fún odidi ọdún kan láìmọ orírun rẹ̀. Mo rò pé ojú ewé méjì péré ni màá kọ. Àmọ́ bí mo ṣe ń tọ ipa ọ̀rọ̀ náà lọ ni mo rí i pé ilẹ̀ tí à ń sáré lórí rẹ̀ ní Lekki àti Ajah ní ìtàn tó gbóná ju ti eré náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sá a. Ẹnì kan tàbí méjì ni ehoro. Ehoro á gbé àpò fúláwà dání, á ṣáájú, á máa bu díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Àwọn yòókù ni ajá ọdẹ. Wọ́n á dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó tọ ipa rẹ̀. Bí ehoro bá dé oríta, á fi fúláwà ṣe àmì roboto síbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ipa ti pòórá, kí kálukú lọ wá a. Ó lè wà lápá òsì, ó lè wà lápá ọ̀tún, ó sì lè jẹ́ ẹ̀tàn: ìwọ á rí ìyẹ̀fun níbi mẹ́ta, lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá rí ojúlówó á pariwo "On-on!", gbogbo wa á sì yà síbẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù ló máa ń kọ́kọ́ kó sínú ẹ̀tàn. Nígbà tó bá fi máa ṣẹ́rí padà, bọ̀dá oníkùn ńlá tó ń rìn bọ̀ lẹ́yìn ti bá a. Kò sí ipò kìíní, kò sí ipò ìkẹyìn. Ìdí nìyí tí irú èmi yìí, tí wọ́n máa ń fi ṣe gólì nígbà tí mo wà ní kékeré torí pé mi ò lè sáré, fi lè dúró sínú ẹgbẹ́ náà.

Pé oríta ló fa wàhálà kò yẹ kó ya Yorùbá kankan lẹ́nu. Ilé Èṣù ni oríta. Ohun tí a bá bá níbẹ̀, a kì í fẹsẹ̀ kọ ọ́ bí a kò bá mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Àwa náà sì ti ń fi nǹkan tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ìwé tó dé. Ẹni tó bá rí àkísà pupa tàbí ìkaraun ìgbín tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi mọ̀ pé ààlẹ̀ ni, ohun tó wà nídìí igi yẹn lólówó. Àwọn àgbà máa ń so owó ẹyọ pọ̀ ránṣẹ́ bí àrokò, ẹni tó gbà á á sì mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun tàbí ìjà. Fúláwà ehoro náà, àrokò ni. Ohun tó kàn burú níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ asáré nìkan ló lè kà á, nígbà tó jẹ́ pé iwájú gbogbo ayé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Kì í sì í ṣe Ajah nìkan ni wọ́n ti ṣì í kà. Ní oṣù August 2007, ní ìlú New Haven ní Amẹ́ríkà, dókítà ojú kan àti arábìnrin rẹ̀ da fúláwà sílẹ̀ fún irú eré yìí ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà IKEA. Àwọn èèyàn rò pé májèlé ni. Wọ́n kó àwọn oníbàárà jáde, wọ́n ti ilé ìtajà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n sì fẹ̀sùn kan àwọn méjèèjì. Ní tiwa, màmá kàn ní ká gbá a kúrò kí ọjà òun má bàa kú ni. A gbá a. A sì ra àkàrà kún ọ̀rá mẹ́ta, nítorí a mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ẹnu lásán kò tó.

Bébà ni wọ́n ń dà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe fúláwà. Ní ilé ìwé Shrewsbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkọsílẹ̀ wà láti 1831 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tí wọ́n ń lé ara wọn káàkiri pápá, tí àwọn kan ń ṣe bí ẹran ìgbẹ́, tí àwọn yòókù ń ṣe bí ajá. Thomas Hughes fi eré náà sínú ìwé rẹ̀, Tom Brown's School Days, tó jáde ní 1857. Ní 1868, àwọn àgbàlagbà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n pè é ní Thames Hare and Hounds. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ ká gbójú fò. Àwọn bàbá wọn tó ń gun ẹṣin lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sín jẹ. Bàbá yẹn lè gba àárín oko kọjá, kí àgbẹ̀ má lè fọhùn, torí onílẹ̀ ló wà lórí ẹṣin. Láti ìpìlẹ̀ ni ìbéèrè ti wà nínú eré yìí: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá?

Ìjọba amúnisìn ló gbé e kúrò nílé. Albert Gispert, oníṣirò owó tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ń ṣiṣẹ́ ní Màláyà. Ní ìparí 1938, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Kuala Lumpur bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kí ọtí tí wọ́n mu lópin ọ̀sẹ̀ lè dá lára wọn. Ilé oúnjẹ kan tó jẹ́ ti Selangor Club ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń jẹun. Oúnjẹ ibẹ̀ kò dùn, ó sì máa ń jẹ́ ọ̀kan náà lójoojúmọ́, ni wọ́n bá sọ ilé náà ní Hash House. Ibẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn ti wá: Hash House Harriers. Ẹ rò ó wò, ẹgbẹ́ tó wà káàkiri ayé lónìí, oúnjẹ tí kò dùn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó dá mi lójú pé bí a bá fi ilé oúnjẹ kan tí mo mọ̀ ní kámpọ́ọ̀sì sọ ẹgbẹ́ lórúkọ, tiwa náà á yí ayé ká.

Ọdún 1938 yẹn kan náà ni àwọn òyìnbó Èkó dá ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Ìkòyí, èyí tí à ń pè ní Ikoyi Club 1938 títí dòní. Òyìnbó nìkan ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ọdún yẹn náà ni Nigerian Youth Movement fẹ̀yìn ẹgbẹ́ Herbert Macaulay balẹ̀ nínú ìbò Èkó. Ẹgbẹ́ kan ń wá òmìnira, ẹgbẹ́ kejì ń wá ibi tí wọ́n á ti gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé eré lásán ni eré, ọdún yẹn ni màá fi hàn án.

Ogun dé. Ní oṣù February 1942, Gispert kú sí Singapore nígbà tí àwọn ará Japan ń gba ìlú náà. Wọn ò tún sáré mọ́ títí di 1946. Nígbà tí àwọn tó kù padà, ọ̀kan nínú wọn kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n san owó ohun ìní ẹgbẹ́ tó bógun lọ, lára rẹ̀ sì ni agbada ìwẹ̀ kan tí wọ́n fi páànù ṣe àti àpò méjì tó ti gbó. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ti kú, pé ohun tó kù fún wọn láti béèrè kò ju agbada lọ.

Ní 1950, ìjọba ní kí gbogbo ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ kí ara àwọn le, kí ọtí ìparí ọ̀sẹ̀ dá lójú àwọn, kí òùngbẹ gbẹ àwọn dáadáa kí àwọn sì fi bíà pa á, kí àwọn sì jẹ́ kí àwọn tó ti dàgbà nínú ẹgbẹ́ mọ̀ pé wọn ò dàgbà tó bí wọ́n ṣe rò. Mo ti ka òfin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó gùn tó ogójì ojú ewé, kò sí èyí tó sọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ti Singapore sílẹ̀ ní 1962 ni eré náà ti ń tàn kálẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé epo, báńkì àti ẹ́ńbásì ló ń gbé e kiri: ibi tí wọ́n bá gbé wọn lọ, wọ́n á wá àpò fúláwà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Èkó ṣe di ọ̀kan lára ìlú tó ní Hash House Harriers tirẹ̀. Lónìí, ọmọ Nàìjíríà kún inú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Kuala Lumpur tó jẹ́ ìyá gbogbo wọn ṣì jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Ẹgbẹ́ tiwa ní Ajah kò tó nǹkan. Akẹ́kọ̀ọ́ la pọ̀ jù níbẹ̀, a ò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, zóbò ló sì pọ̀ ju bíà lọ. Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn Hash ni ẹni tó kó wa jọ ti kọ́ eré náà.

Ó kọ́ orúkọ sísọ mọ́ ọn. Nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí, wọn kì í pe èèyàn lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n á sọ ọ́ ní ìnagijẹ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a ò sì gbọdọ̀ kọ síbí. Àwọn ìyàwó ilé wa kò jẹ́ pe àwọn ọmọ tí wọ́n bá nílé ọkọ lórúkọ. Wọ́n á wo ìrìn rẹ, wọ́n á wo eyín rẹ, wọ́n á sì sọ ọ́ ní Adúmáadán tàbí Ìbàdíàrán. Ní tiwa, ẹni tí èémí rẹ̀ ń dún gììrìgììrì bó bá ti sáré díẹ̀ ni Jẹnẹrétọ̀. Bọ̀dá oníkùn ńlá ni Alága. Mi ò ní sọ tèmi.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Sísá tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ìtàn àgbègbè yìí, ọba ló sá a, kì í ṣe fún ìgbádùn. Ní December 1851, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò nílùú. Ó fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Nínú àdéhùn Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá a ṣe ní 1854, wọ́n gbà pé Palma àti Lekki jẹ́ èbúté tirẹ̀ fún òwò. Lekki yẹn kì í ṣe Phase 1 o. Ìlú Lekki àtijọ́ ni, tó wà lọ́hùn-ún ní Ìbẹ̀jú-Lekki. Orúkọ rẹ̀ ló wá bo gbogbo ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, títí tó fi jẹ́ pé bí o bá sọ Lekki lónìí, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ béèrè iye owó ilé lọ́wọ́ rẹ.

Apẹja àti àgbẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Àbàtà ni, igi àgbọn ni, yanrìn ni. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ tó kángun sí Victoria Island ni Maroko wà, ìlú àwọn tí kò lówó tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún àwọn olówó. Ní July 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun Èkó, ìjọba fún wọn ní ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, katapílà dé. Iye àwọn tí wọ́n lé kúrò tí gbogbo èèyàn máa ń sọ jẹ́ nǹkan bí 300,000. Àwọn díẹ̀ rí ibi sá sí nínú àwọn ilé tí kò tíì parí ní Ilasan àti Ikota, ní ọ̀nà Ajah. Ọ̀pọ̀ kò rí ibì kankan. Ọdún 1990 yẹn kan náà ni wọ́n dá Lekki Conservation Centre sílẹ̀, sáré ilẹ̀ bíi 190, kí ọ̀bọ àti ọ̀nì lè ríbi gbé. Mi ò bínú sí ọ̀bọ. Mo ti lọ síbẹ̀, mo ti rìn lórí afárá okùn rẹ̀ tó gùn ní 401 mítà, ẹsẹ̀ mi sì gbọ̀n. Ṣùgbọ́n mi ò lè ka ọdún méjèèjì pọ̀ kí n má dúró díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni géètì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi yanrìn kún àbàtà, wọ́n pín in, wọ́n fi ògiri yí i ká, wọ́n sọ ọ́ ní ẹ́sítéètì. Ní 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ibodè lójú ọ̀nà márosẹ̀ Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù May 2013, wọ́n ṣí afárá Lekki sí Ìkòyí, ó gùn ní 1.36 kìlómítà. Ọkọ̀ máa ń sanwó níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kì í san. Bóyá ẹni tó ṣe ètò rẹ̀ kò mọ̀ pé pápá ìṣeré ni òun kọ́ fún wa. Bó o bá dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù, wàá bá àwọn asáré lọ bí èèrà, àti ẹni tó sanra, àti ẹni tó gbẹ, àti àwọn tó kàn wá ya fọ́tò. Nígbà tí eré ìje Lagos City Marathon bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù February 2016, Surulere ni wọ́n ti gbéra, Eko Atlantic ni wọ́n parí sí, afárá yìí sì wà lára ọ̀nà tí wọ́n gbà. Abraham Kiptum láti Kẹ́ńyà ló gbégbá orókè.

Ọdún 2016 yẹn tún ṣe asáré lóore kan tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde ní Èkó, torí ìmọ́tótó àyíká. Àwọn tó jù wá lọ sọ pé bí wọ́n bá rí ẹ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé lójú títì lásìkò yẹn, ìgbálẹ̀ ni wọ́n á fi lé ẹ lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé ẹ lọ. Ní November 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fagi lé kónílé-ó-gbélé yẹn. Àwọn ará Kuala Lumpur náà jẹ irú ìyà yìí ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba fi òfin de ìrìn àwọn èèyàn torí ogun inú igbó.

Etíkun ló kù tí géètì kò fi bẹ́ẹ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ń yí padà. Láti oṣù March 2024 ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà etíkun tí wọ́n ní yóò dé Calabar, nǹkan bí 700 kìlómítà, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ilé ìgbafẹ́ ní Oniru láti fún un láyè. Wọ́n lè máa jiyàn lórí àǹfààní rẹ̀. Èmi kàn mọ̀ pé ehoro kì í sábà rí ibi tó máa gbà mọ́ ni.

Èmi ni ehoro ní Sátidé tó kọjá. Ipa tí mo fẹ́ gbà ni èyí tí a máa ń gbà tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn Langbasa, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tó já sétí ọ̀sà. Ògiri tuntun ti wà níbẹ̀, wọ́n ti gbé géètì sí i. Mẹ́gáàdì béèrè kóòdù lọ́wọ́ mi. Mo ní mi ò mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹ́sítéètì, mo kàn fẹ́ kọjá ni. Ó wo àpò ìyẹ̀fun ọwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ṣé mo lè kọ orúkọ ẹni tí mo fẹ́ rí sílẹ̀. Mo padà sẹ́yìn, mo bu fúláwà sílẹ̀ níbi mẹ́ta, mo sì fi géètì náà ṣe ẹ̀tàn. Jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ sáré débẹ̀, bí mo ṣe retí.

Ọ̀dọ̀ ìyá aláàkàrà la parí sí. Ibẹ̀ la máa ń parí sí báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a má fi fúláwà ṣòfò mọ́, pé kí ni a rò pé àpò fúláwà kan di lọ́jà, pé eérú kún ìdí iná òun. Eérú la ń lò báyìí. Bí òjò bá ti rọ̀, a kì í rí nǹkan kan.